Ṣé lóòótọ́ ni atẹ́gùn ń wa ọkọ̀ ojú irin Nẹ́dálándì?

Ìbéèrè tó dá a sílẹ̀:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí yé mi. Mo gbọ́ pé ní Nẹ́dálándì, atẹ́gùn ló ń wa ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò. Báwo ló ṣe jẹ́? Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́, ṣé inú oko ni wọ́n máa já àwọn èrò sí ni? Àbí ìpolówó lásán ni? Tó bá sì jóòótọ́, kí ló dá wa dúró l'Ékòó? A ní ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń lo iná, òkun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí atẹ́gùn ń fẹ́ látorí ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

* * *

Òótọ́ ni. Àmọ́ ó níbi tí òótọ́ náà mọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn wà.

Nẹ́dálándì ni mò ń gbé, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ọkọ̀ ojú irin ni mo sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. NS ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èrò jù níbí. Lọ́dún 2014, NS àtàwọn ilé-iṣẹ́ ojú irin yòókù, tí wọ́n jọ ń ra iná lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ VIVENS, bá Eneco tó ń ta iná ṣàdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé iye iná tí ọkọ̀ bá jẹ lọ́dún, iye yẹn gan-an ni Eneco máa pèsè látara atẹ́gùn. Wọ́n dá a pé gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sórí atẹ́gùn ní oṣù kìíní ọdún 2018. Oṣù kìíní 2017 ló ti bọ́ sí i, ọdún kan ṣáájú àkókò. Ọ̀gá NS nígbà náà, Roger van Boxtel, tiẹ̀ gbà kí wọ́n so òun mọ́ apá ẹ̀rọ atẹ́gùn ayé àtijọ́ kan, ó ń bá a yí, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀. Fídíò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn rántí. Ó dùn mí, torí ìwé àdéhùn yẹn ló yẹ ká máa jíròrò.

Báwo ni iná náà ṣe pọ̀ tó? Nǹkan bíi 1.2 bílíọ̀nù yúnìtì lọ́dún. Gbogbo ilé tó wà ní Amsterdam, iye tí wọ́n ń lò nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lójúmọ́ tó 600,000. Ẹ bá mi pín in: yúnìtì 3.3 mílíọ̀nù lójoojúmọ́, ó kù díẹ̀ kó pé yúnìtì 6 lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ra yúnìtì sínú míta nílé mọ ohun tí mò ń wí. Kò ju iná tí áyọ́ọ̀nù kan máa jẹ tẹ́ ẹ bá fi lọ aṣọ fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lọ, ó sì ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́, ó tún ń gbé e padà wálé.

Wàyí o, kò sí wáyà kankan tó gbéra lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ atẹ́gùn tó lọ wọnú ọkọ̀. Iná atẹ́gùn, iná gáàsì, iná èédú, inú gíríìdì kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ẹ fi wé àjọ. Lóṣù tẹ́ ẹ bá kó, kì í ṣe bébà náírà tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín dá ni alájọ máa kó fún yín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ní owó yín kọ́. Ohun tó wà nínú ìwé alájọ ló ṣe pàtàkì: ṣé lóòótọ́ lẹ dá a, ṣé ẹlòmíì ò sì ti kó owó kan náà yẹn. Ìbéèrè méjèèjì yẹn ló yẹ ká bi NS. Iná èwo ló wá jáde nínú wáyà ò kàn wá.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìbàdàn ní irọ́ gbuu ni. Wọ́n ní tí èédú bá fi lè dá yúnìtì kan ṣoṣo sínú gíríìdì, ọkọ̀ èédú lọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ tó ti sọ̀rọ̀ ló dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbà pẹ̀lú yín níbi kan, kí n sì kọ̀ níbi kejì. Ẹ lọ wo Jámánì. Ilé-iṣẹ́ ojú irin wọn, Deutsche Bahn, ní gíríìdì tirẹ̀ lọ́tọ̀, iná inú rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tó wà nílé wa: 16.7 Hz ni, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà ní sẹ́kọ́ńdì kan, tilé jẹ́ 50 Hz. Lọ́dún 2018 wọ́n kéde pé gbogbo ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wọn ti ń lo kìkì iná tó mọ́. Ó dáa. Lọ́dún 2020, ibùdó iná èédú tuntun kan, Datteln 4, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ya ohun tó lé ní 400 mẹ́gáwáàtì sọ́tọ̀ nínú iná rẹ̀ fún ojú irin. Wáyà kan náà ni! Ẹni tó wọ ICE, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn wọn tó ń sáré, láti Berlin lọ sí Munich, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé atẹ́gùn àti omi ló gbé e. Ẹni tó wọ ọkọ̀ kékeré láti abúlé lọ sọ́ja ló wá kó èédú sórí. Wọn ò rú òfin kankan, ìwé wọn sì pé. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ohun tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, wọ́n fún oníbàárà tó ń sanwó gọbọi ní èyí tó wuyì. Àwọn fúnra wọn sọ pé ọdún 2038 ni gbogbo iná ojú irin àwọn máa mọ́ tán.

Níbi tí mo ti kọ̀ rèé: ti Nẹ́dálándì kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn ọdún 2014 yẹn, àpapọ̀ iná tí ọkọ̀ NS ń jẹ ni wọ́n fi atẹ́gùn dí, látorí ọkọ̀ tó ń sáré dé èyí tó ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀. Kò sí oníbàárà kan tí wọ́n ti èédú sí lọ́rùn kí ti ẹnì kejì lè mọ́.

* * *

Ẹnìkan tó ń gbé ní Calgary, ní Kánádà, rán wa létí pé ọ̀dọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Òótọ́ ni. Láti 2001 ni CTrain, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro wọn, ti ń ra iná atẹ́gùn. Ohun tó wú mi lórí nípa tiwọn ni pé èédú ló pọ̀ jù nínú iná Alberta, ìpínlẹ̀ wọn, nígbà yẹn. Wọn ò dúró dìgbà tí gíríìdì máa mọ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn tuntun 12 ni wọ́n gbé dúró ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà nítorí ọkọ̀ yẹn.

* * *

Fún àwọn mẹ́ta tó béèrè ìdí tí wọn ò fi gbé fáànù sórí ọkọ̀ kí atẹ́gùn eré rẹ̀ máa yí i: rárá o. Atẹ́gùn tó máa yí fáànù yẹn, mọ́tò ọkọ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Fáànù náà á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, iná tó bá sì mú wá kò lè tó èyí tí mọ́tò máa fi ṣòfò láti fi borí ìfàsẹ́yìn yẹn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè yí èyí padà.

Iná tó ṣeé gbà padà lára ọkọ̀ wà o, ìgbà tó bá ń tẹ búrẹ́kì ni. Mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á dá iná padà sínú wáyà òkè. Ìṣòro Nẹ́dálándì ni pé iná ojú irin wọn jẹ́ 1,500 fóòtì (volt), DC, ìyẹn iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Tí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí tó máa gba iná náà, ó sábà máa ń di ooru dànù. Fóòtì kékeré ni pẹ̀lú: ọkọ̀ tó bá ń fa 4 mẹ́gáwáàtì ń fa ampere (ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) tó ju 2,600 lọ nínú wáyà kan. Ìyẹn ló fà á tí wáyà wọn fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí ibùdó tó ń fún wáyà níná sì fi sún mọ́ra.

* * *

Ó yá, ká dá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lóhùn: ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ ńkọ́?

Mo máa ń gba Flevoland kọjá, láti Almere lọ sí Lelystad dé Zwolle. Ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rọ atẹ́gùn sì tò lọ bí ojú ṣe ríran mọ. Mo ti wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀ tí gbogbo apá wọn dúró gbagidi, ewé ò mì, tí ọkọ̀ wa ń sáré lọ ní tiẹ̀. Ẹnìkan tá a jọ jókòó ń nawọ́ sí wọn, ó ní ṣé mo rí i báyìí pé ẹ̀tàn ni. Mo ní rárá, pé iná tá à ń jẹ lọ́wọ́ yẹn, gáàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bóyá omi Nọ́wè sì wà ńbẹ̀, torí wáyà kan wà nísàlẹ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní NorNed, gígùn rẹ̀ jẹ́ 580 kìlómítà, ó sì lè gbé 700 mẹ́gáwáàtì. Ní òru ọjọ́ tí ìjì bá ń jà, tí ọkọ̀ ò sì rìn púpọ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn á pèsè ju ohun tí ọkọ̀ fẹ́ lọ, àwọn ilé á lo ìyókù. Ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣírò, iye ìwọlé á sì bá iye ìjáde mu.

Ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn? Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi fẹ́ kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ ní wákàtí sí wákàtí. Tó bá jẹ́ aago méje àárọ̀ ọjọ́ tí atẹ́gùn kú ni ọkọ̀ pọ̀ jù lójú irin, gáàsì la fi gbé àwọn èèyàn yẹn, ó sì yẹ kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ọlọ́dọọdún dáa fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má dúró síbẹ̀.

Àmọ́ kò sí ọkọ̀ tó dúró torí atẹ́gùn. Ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ NS dúró lódindi orílẹ̀-èdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2022, kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣètò ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ ló dákú, iná sì wà nínú wáyà gbogbo.

* * *

Àríyànjiyàn ìwé ẹ̀rí ló wá le jù, ó sì yẹ kó le. Bó ṣe rí nìyí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀rọ tó bá pèsè 1,000 yúnìtì iná tó mọ́ máa gba ìwé ẹ̀rí kan. Ẹni tó bá ra ìwé yẹn ló láṣẹ láti sọ pé òun lòun lo iná náà. Wọ́n lè ta ìwé náà lọ́tọ̀, kí wọ́n ta iná náà lọ́tọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ta iná ní Nẹ́dálándì ń ra ìwé olówó pọ́ọ́kú láti Nọ́wè, níbi tí ìsédò ti ń mú iná wá tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìwé ẹ̀rí. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná gáàsì, wọ́n á tà á fún aráàlú ní iná tó mọ́. Kò sí ẹ̀rọ tuntun kan tí owó yẹn gbé dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èédú tó dín kù. Ẹni tó bá bínú sí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọin.

Ìdí tí mo fi ń gbèjà àdéhùn NS ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná náà gbọ́dọ̀ wá láti ibùdó atẹ́gùn tuntun tó ń dara pọ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ní Nẹ́dálándì, ní Bẹ́ljíọ̀m àti ní apá Swídìn àti Finland. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ibùdó atẹ́gùn nílò báńkì, báńkì sì máa béèrè pé ta ló máa ra iná náà. Oníbàárà tó tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún mẹ́wàá, tí kò lè kó kúrò nílùú, tí ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn láàárọ̀ ọ̀la, kò sí oníbàárà tó dà bíi rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ojú irin ṣe fún atẹ́gùn pọ̀ ju èyí tí atẹ́gùn ṣe fún ojú irin lọ.

Ẹnìkan kọ ọ́ pé ibùdó kan ṣoṣo tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Luchterduinen wà nínú òkun, kìlómítà 23 sí etíkun, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2015. Ẹ̀rọ 43, mẹ́gáwáàtì 129 lápapọ̀. Tí gbogbo wọn bá ṣiṣẹ́ ní kíkún fún ọdún kan gbáko láìsinmi, tí atẹ́gùn ò sì dín kù rárá, 1.13 bílíọ̀nù yúnìtì ni wọ́n máa mú wá. NS nìkan ń jẹ 1.2. Kò sí ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láìsinmi, ti òkun gan-an kò sábà ju ìdajì lọ. Torí náà, ó máa tó ibùdó méjì sí mẹ́ta irú ẹ̀ kí orílẹ̀-èdè kékeré kan tó lè fi atẹ́gùn gbé èrò. Ohun ńlá ni, síbẹ̀ ọwọ́ tó o.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi atẹ́gùn ṣáájú wáyà. Ibi tí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nìyí. Láti 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná wa ọkọ̀ láti Rotterdam lọ sí The Hague. Oṣù kìíní 1958 ni ọkọ̀ tó ń fi ooru omi híhó rìn kẹ́yìn kúrò lójú irin wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn fi máa dé, wáyà ti wà lókè níbi gbogbo tí èrò pọ̀ sí. Ohun tó kù kò ju kí wọ́n pààrọ̀ ẹni tí wọ́n ń ra iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì lọ sí àríwá, lápá Groningen àti Friesland, ẹ máa rí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Arriva tó ṣì ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Atẹ́gùn apá ibẹ̀ le gan-an. Kò ran ọkọ̀ wọ̀nyẹn lọ́wọ́, torí kò sí wáyà lórí wọn.

* * *

Ó kan Èkó.

Blue Line ní irin kẹta tó ń gbé iná 750 fóòtì, láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó sì bọ́ sórí iná ní oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ìbéèrè yín bọ́ sí i. Àmọ́ Red Line láti Agbado dé Oyingbo, dísẹ́ẹ̀lì ni. Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, dísẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ ò lè ra atẹ́gùn fún ọkọ̀ tó ń mu epo.

Atẹ́gùn Èkó wá ńkọ́? Àbúrò mi, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti òkun yẹn dùn mọ́ ara, kò tó láti mú kí ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ dáadáa. Agbára inú atẹ́gùn kì í pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lásán. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ̀rọ irú ti Luchterduinen kì í bẹ̀rẹ̀ sí í yí títí atẹ́gùn á fi tó mítà 3 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó sì tó mítà 12 kó tó ṣiṣẹ́ ní kíkún. Ilẹ̀ Yorùbá láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, atẹ́gùn tó wà nísàlẹ̀ kì í sábà kọjá mítà 4. Òkè ọ̀hún, lápá Katsina, Sókótó àti Jos, ni atẹ́gùn gidi wà ní Nàìjíríà. Ẹ sì wo Katsina: ẹ̀rọ 37 ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní Lambar Rimi, gbogbo rẹ̀ ò ju mẹ́gáwáàtì 10 lọ, ọdún lọ́nà ọdún ló fi falẹ̀, wọ́n sì jí ẹnjiníà ará Faransé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà gbé ní 2012.

Àwọn tó ní Áfíríkà ò lè ṣe é, ẹ dákẹ́ ná. Mòrókò ń ṣe é. Al Boraq, ọkọ̀ wọn tó ń sáré 320 kìlómítà ní wákàtí láti Tangier lọ sí Casablanca, ti bọ́ sórí iná atẹ́gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Wọ́n ní wáyà, etíkun wọn ní atẹ́gùn tó le, ibùdó atẹ́gùn Tarfaya nìkan ní ẹ̀rọ 131. Etiópíà náà ń fi iná wa ọkọ̀ láti Addis Ababa lọ sí Djibouti, omi ló sì pọ̀ jù nínú iná wọn. Ohun tí ilẹ̀ kálukú ní ló lò.

Tiwa ni oòrùn àti omi. Kainji ti ń mú iná wá láti 1968. Ojúmọmọ sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú ọkọ̀ Blue Line ń rìn, ìgbà tí sólà ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn bá a mu ju bí atẹ́gùn ṣe bá ọkọ̀ Nẹ́dálándì mu lọ. Ìṣòro wa ni gíríìdì tí wọ́n ń darí láti Òṣogbo yẹn, tó dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024 nìkan. Kò sí ìwé ẹ̀rí tó wúlò fún gíríìdì tó ti ṣubú.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá owó ọkọ̀ wálẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn dé: kò wálẹ̀. Iná kì í ṣe ohun tó ń gba owó jù. Owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti ìtọ́jú ojú irin ló ń gbé owó lọ.

* * *

Ẹnì kan tó ń gba Mile 2 wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ ní kí n sọ ohun tí òun lè ṣe, kí n fi àlàyé sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ètò ìrìnnà l'Ékòó, ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Yúnìtì mélòó ni ọkọ̀ kan ń jẹ láti Mile 2 dé Marina? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń ra iná náà, kí ni wọ́n sì fi ń pèsè rẹ̀? Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìpele kejì lọ sí Okokomaiko, ṣé wọ́n máa tọwọ́ bọ̀wé ọlọ́jọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sólà tuntun nítorí ọkọ̀ náà? Tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ gbé e wá síbí. Màá bá yín ṣírò rẹ̀.